Ta Ló Ń Ṣe Iṣẹ́ Tẹ́mósítáàtì ní Igbóbì?

Tẹ́mósítáàtì ni orúkọ ohun kékeré kan tí wọ́n máa ń fi sínú ẹ̀rọ tó ń mú nǹkan gbóná tàbí tó ń mú nǹkan tutù, kí ó lè máa ṣọ́ bí ooru tàbí òtútù ibẹ̀ ṣe pọ̀ tó, kí ó máa pa ẹ̀rọ náà nígbà tí ó bá tó, kí ó sì tún máa tàn án nígbà tí kò bá tó mọ́. Ní àwọn ìlú olótùútù bíi Lọ́ńdọ́nù, ara ògiri ni ó sábà máa ń wà, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń darí ètò ìmúlégbóná, ìyẹn ètò tí ó ń fi omi gbígbóná ránṣẹ́ láti inú ẹ̀rọ kan ṣoṣo lọ sí gbogbo yàrá ilé. Ní Igbóbì, kò sí ẹni tí ó ń wá ohun tí yóò mú ilé rẹ̀ gbóná. Oòrùn ti ṣe ìyẹn lọ́fẹ̀ẹ́. Síbẹ̀, tẹ́mósítáàtì kì í ṣe àlejò níbẹ̀ rárá, nítorí pé ó wà nínú fíríìjì, ó wà nínú áyọ́ọ̀nù, ó wà nínú ẹ̀rọ tí àwọn atẹ̀wé fi ń fi ọ̀rá bo ẹ̀yìn ìwé, ó sì wà lára ẹ́ńjìnì ọkọ̀. Bí ó bá bàjẹ́, ohun tí àwọn ènìyàn ń ṣe sí i yàtọ̀ láti inú ẹ̀rọ kan sí òmíràn: wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀ níbì kan, wọ́n á sì yọ ọ́ dànù pátápátá níbòmíràn. Ìyàtọ̀ yìí lè dà bí àìbìkítà lójú ẹni tí ó bá kàn ń kọjá lọ, ṣùgbọ́n ó ní ìdí, ìdí náà sì yẹ ní yíyẹ̀wò dáadáa, pàápàá ní àkókò yìí tí owó iná ti yí padà.

Igbóbì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọ̀nà Ìkòròdú, ní àyíká Jìbówù àti Fádèyí. Àwọn ará Èkó mọ̀ ọ́n jù lọ nítorí ilé ìwòsàn egungun ti ìjọba àpapọ̀, èyí tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì gẹ́gẹ́ bí ibi ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tí wọ́n fara gbọgbẹ́, àti nítorí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Igbóbì tí ìjọ Áńgílíkà àti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì jọ dá sílẹ̀ ní ọdún 1932. Ẹni tí ó bá yà kúrò lójú títì ńlá náà wọ inú àdúgbò yóò bọ́ sí Ṣómólú, níbi tí ìró ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í ti í dákẹ́ bí iná bá wà, bí ó bá sì tẹ̀ síwájú yóò dé Bàrígà. Ní oṣù Kejì àti oṣù Kẹta ọdún, ooru ọ̀sán máa ń kọjá ìwọ̀n 32 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, ìyẹn òṣùwọ̀n tí omi fi ń di yìnyín ní 0 tí ó sì fi ń hó ní 100. Nínú irú ooru bẹ́ẹ̀, fíríìjì kì í ṣe ọ̀ṣọ́ ilé lásán. Òun ni ṣọ́ọ̀bù ẹni tí ó ń ta omi inú ọ̀rá, ẹni tí ó ń ta sóbò, àti ẹni tí ó ń ta ẹja dídì.

Ọgbọ́n tí ó wà nídìí tẹ́mósítáàtì ti pẹ́ láyé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, Cornelis Drebbel, ọmọ ilẹ̀ Dọ́ọ̀ṣì tí ó lọ ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ààrò kan tí ooru fúnra rẹ̀ ń darí ojú ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, kí iná má baà ràn jù. Ó fi irú rẹ̀ pa ẹyin adìyẹ. Ní ọ̀rúndún tí ó tẹ̀ lé e, John Harrison tí ó ń ṣe aago lo irin oríṣi méjì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ra, èyí tí ó máa ń tẹ̀ bí ó bá gbóná nítorí pé ọ̀kan nínú wọn máa ń fẹ̀ ju èkejì lọ. Irú irin bẹ́ẹ̀ ni Andrew Ure, onímọ̀ ará Sikọ́tíláǹdì, fi ṣe ohun ìdarí ooru ní ọdún 1830. Ṣùgbọ́n ti Warren Johnson ni ó bá ọ̀rọ̀ yìí mu jù. Olùkọ́ ni ọkùnrin yìí ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà, ó sì rẹ̀ ẹ́ bí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwé ṣe ń já wọ kíláàsì rẹ̀ láti wo bóyá ó gbóná tó. Ohun tí ó ṣe, tí ó gba ìwé àṣẹ lé lórí ní ọdún 1883, kò pa iná fúnra rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Agogo ni ó ń lù ní ìsàlẹ̀ ilé, kí ẹni tí ó ń ṣọ́ iná lè mọ̀ pé àkókò tó láti ṣí i tàbí láti dé e. Ènìyàn ni ó ṣì ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ̀rọ kàn ń pè é ni.

Tẹ́mósítáàtì inú fíríìjì tóbi díẹ̀ ju páálí ìṣáná lọ. Kọ́bù àfọwọ́yí tí wọ́n kọ nọ́ńbà 1 dé 7 sí ni ó wà níwájú rẹ̀, ẹsẹ̀ irin pẹlẹbẹ méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n ń ki wáyà bọ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Láti ìdí rẹ̀ ni páìpù kọ́pà tín-ín-rín kan ti jáde, tí wọ́n ti dí orí rẹ̀ pa, tí gáàsì díẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Orí páìpù yìí ni ó gbọ́dọ̀ kan ara ibi tí ó tutù jù nínú fíríìjì. Bí ibẹ̀ bá gbóná, gáàsì náà á wú, á sì ti ẹwìrì kékeré onírin kan tí ó wà nínú tẹ́mósítáàtì, bí afẹ́fẹ́ ṣe ń kún inú ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Ẹwìrì náà á fẹ̀, á ti irin méjì lura, iná á sì kọjá lọ sí kọ́ńpírẹ́sọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ dúdú rìbìtì ẹ̀yìn fíríìjì tí ó ń fún gáàsì ìmútutù pọ̀ kí ó lè máa lọ káàkiri. Bí ó bá tutù tó, gáàsì inú páìpù á súnkì, irin méjèèjì á pínyà, kọ́ńpírẹ́sọ̀ á dákẹ́. Gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Nọ́ńbà ara kọ́bù kì í ṣe ìwọ̀n òtútù, kì í sì í ṣe eré sísá. Ẹni tí ó bá yí i dé 7 nítorí kí mínírà rẹ̀ lè tètè tutù kò mú un yá rárá, nítorí pé bákan náà ni kọ́ńpírẹ́sọ̀ ń ṣiṣẹ́ ní 3 àti ní 7. Ìgbà tí yóò dákẹ́ ni ó yàtọ̀.

Ọ̀nà méjì ni ohun yìí sábà máa ń gbà bàjẹ́. Gáàsì inú páìpù lè jò tán, tí ẹwìrì kò fi ní í fẹ̀ mọ́, tí kọ́ńpírẹ́sọ̀ kò sì ní í tàn láéláé. Tàbí kí irin méjèèjì tí ó ń kanra jóná mọ́ra nítorí iná tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀, tí fíríìjì á fi máa ṣiṣẹ́ láìdákẹ́ títí tómátì yóò fi di òkúta. Bí oníṣẹ́ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ti àkọ́kọ́ ni, yóò tú kọ́bù kúrò, yóò fa wáyà méjèèjì tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ yọ, yóò lọ́ orí wọn pọ̀, yóò sì ní kí ọmọṣẹ́ rẹ̀ ki púlọ́ọ̀gì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí kọ́ńpírẹ́sọ̀ bá hùn, ẹjọ́ ti parí, tẹ́mósítáàtì ni ó jẹ̀bi. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá gbòòrò ni pé ìdánwò náà gan-an ni ó sábà máa ń di ìwòsàn, nítorí pé wáyà méjì tí ó ti wà ní lílọ́ pọ̀ kò ṣòroó fi ọ̀rá dúdú tí wọ́n fi ń di wáyà wé.

“Ẹ jẹ́ ká kúkú dáírẹ́ẹ̀tì ẹ̀, mà,” ni ọ̀gá oníṣẹ́ máa ń wí fún oníbàárà rẹ̀, ìyẹn ni pé kí iná máa lọ tààrà sí kọ́ńpírẹ́sọ̀ láìgba ọ̀dọ̀ tẹ́mósítáàtì kọjá. Bí oníbàárà bá béèrè pé ṣé kò ní í ba kọ́ńpírẹ́sọ̀ jẹ́, èsì tí ó máa ń tẹ̀ lé e kò nílò àròjinlẹ̀: “Ẹ má dààmú, mà. Iná wo ló wà tí yóò bà á jẹ́?”

Èsì yẹn, tí oníbàárà sábà máa ń fi ẹ̀rín gbà, ni ó kó gbogbo àlàyé sínú. Ní ọdún 1950 ni òfin dá àjọ iná mànàmáná tí wọ́n ń pè ní ECN sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ó di NEPA ní ọdún 1972, ó di PHCN ní ọdún 2005, ìjọba sì fa iṣẹ́ pínpín iná lé àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 2013, tí Ṣómólú àti àyíká rẹ̀ fi bọ́ sí abẹ́ Ikeja Electric. Orúkọ yí padà lẹ́ẹ̀mẹta, ṣùgbọ́n NẸ́PÀ ni àwọn ọmọdé ṣì ń kígbe rẹ̀ bí iná bá dé. Ní gbogbo àwọn ọdún wọ̀nyí, iná ọba jẹ́ ohun tí ó ń wá fún wákàtí díẹ̀, tí ó ń lọ fún wákàtí púpọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ìgbà báyìí ni yóò dé. Fíríìjì tí ó bá rí iná fún wákàtí mẹ́rin péré lójúmọ́ kò lè tutù dé ibi tí tẹ́mósítáàtì yóò ti pa á. Bí iná bá ti dé, yóò máa sáré láti dá òtútù tí ó ti lọ padà, kí ó sì tó dá a padà tán, iná á tún ti lọ. Nínú irú ipò bẹ́ẹ̀, tẹ́mósítáàtì tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá kò ní ohun tí yóò ṣe. Oníṣẹ́ tí ó dáírẹ́ẹ̀tì fíríìjì nígbà náà kò ṣe àṣìṣe nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ó kàn rí i pé iṣẹ́ tí tẹ́mósítáàtì ń ṣe, ìyẹn pípa ẹ̀rọ kí ó tó ṣe jù, NẸ́PÀ ti ń bá a ṣe é, láìgba owó ọ̀yà kankan.

Kì í ṣe NẸ́PÀ nìkan, ọwọ́ ènìyàn náà ń ṣe nínú rẹ̀. Ní ilé tí wọ́n bá ti dáírẹ́ẹ̀tì fírísà, bí ó bá di ọjọ́ tí iná ṣèèṣì wà láti alẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dìde lóru láti yọ ọ́ kúrò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìgò mínírà á fọ́ nítorí pé omi inú rẹ̀ ti di yìnyín, omi inú ọ̀rá á le gbagidi débi pé oníbàárà kò ní í rí i mu. Àwọn ọmọ ilé ni iṣẹ́ yìí sábà máa ń já lé léjìká. Ìyá wọn á ti inú yàrá kígbe pé kí wọ́n lọ yọ fíríìjì, ẹni tí ó bá sún mọ́ ọn jù nínú wọn á sì fi ojú oorun wá ògiri lọ. Ẹni tí ó ń ta omi tútù ní ojú pópó mọ̀, nípa fífi ọwọ́ kan ìdérí fírísà àti nípa títẹ́tí sí ìró kọ́ńpírẹ́sọ̀ lásán, bóyá ó ti tó kí òun yọ ọ́. Ìmọ̀ gidi nìyí, kò sì yẹ kí wọ́n fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ọwọ́ kọ́ nítorí pé ẹ̀rọ kò ráyè ṣe é ni.

Ohun mìíràn tún wà tí ó ń dá kún ọ̀rọ̀ náà, òun ni ibi tí àwọn fíríìjì kan ti wá. Òfin Nàìjíríà kò fàyè gba kíkó fíríìjì, fírísà àti kọ́ńpírẹ́sọ̀ tòkunbọ̀, ìyẹn àlòkù òkè òkun, wọ orílẹ̀-èdè yìí. Wọ́n wà nínú ìwé àwọn ọjà tí àwọn aṣọ́bodè kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó kọjá. Síbẹ̀, tòkunbọ̀ kò ṣọ̀wọ́n lọ́jà Èkó, ọ̀pọ̀ ni ó sì gbà pé ó lágbára ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ, èyí tí kì í ṣe irọ́ nígbà gbogbo. Ohun tí wọn kì í wò ni bébà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, níbi tí lẹ́tà kan tàbí méjì ti ń sọ irú ojú ọjọ́ tí wọ́n ṣe é fún: N túmọ̀ sí pé wọ́n ṣe é fún yàrá tí ooru rẹ̀ wà láàárín 16 sí 32, ST fún 16 sí 38, T fún 16 sí 43. Fíríìjì olórúkọ N tí wọ́n gbé kalẹ̀ sínú ṣọ́ọ̀bù onípáánù ní Bàrígà ní oṣù Kẹta lè má lè dé ìwọ̀n òtútù tí tẹ́mósítáàtì rẹ̀ ń retí, bí iná tilẹ̀ wà ní gbogbo ọjọ́. Oníṣẹ́ á tú u, kò ní í rí ohun tí ó bàjẹ́, á sì di ẹ̀bi ru tẹ́mósítáàtì tí kò ṣe nǹkan kan.

Nínú ẹ́ńjìnì ọkọ̀, ọ̀rọ̀ náà tún gba ọ̀nà mìíràn yọ. Tẹ́mósítáàtì ibẹ̀ kò ní wáyà. Ìda ni ó wà nínú ago onírin kékeré kan, ìda yìí á yọ́ bí omi tí ó ń tu ẹ́ńjìnì lára bá gbóná tó nǹkan bí 82 sí 88, á wú, á sì ti ìlẹ̀kùn kékeré kan ṣí kí omi lè lọ sí rèdíétọ̀ láti lọ tutù. Kí ó tó gbóná tó bẹ́ẹ̀, ìlẹ̀kùn á wà ní títì, kí ẹ́ńjìnì lè tètè gbóná dé ibi tí epo ti ń jó dáadáa. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ní Èkó máa ń yọ ọ́ dànù, ìdí tí wọ́n sì ń sọ kò yí padà: ilẹ̀ olótùútù ni wọ́n ṣe é fún, ibí yìí gbóná. Àlàyé yìí kò fi bẹ́ẹ̀ dúró, nítorí pé ooru 32 ti Fádèyí ṣì jìnnà gan-an sí 90 tí ẹ́ńjìnì ń fẹ́, yálà Èkó ni ó wà tàbí Mọ́síkò. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń sá fún jẹ́ òótọ́. Tẹ́mósítáàtì tí ó bá gan pa nígbà tí ọkọ̀ wà nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ojú ọ̀nà Ìkòròdú lè sọ ẹ́ńjìnì di òkú irin kí awakọ̀ tó rí àyè yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, gásíkẹ́ẹ̀tì á jó, orí ẹ́ńjìnì á tẹ̀, nígbà tí àìsí rẹ̀ kàn ń jẹ epo díẹ̀díẹ̀ tí ó sì ń mú kí ẹ́ńjìnì tètè gbó. Mẹkáníìkì tí kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé èyí tí wọ́n rà ní Ládìpọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀, jẹ́ ojúlówó ti yan ìpalára tí kò yára dípò èyí tí ó ń pa lójijì. Nígbà tí epo bẹntiróòlù kò tó 200 náírà lítà kan, ìpalára tí kò yára yìí kò hàn sí ẹnikẹ́ni. Láti ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí ìjọba ti yọ ìrànwọ́ orí epo, tí owó lítà kan ní Èkó sì fò dé 488 náírà láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó ti ń hàn.

Ohun tí ó yẹ ní àkíyèsí jù ni àwọn ibi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í dáírẹ́ẹ̀tì rárá. Áyọ́ọ̀nù iná ní tẹ́mósítáàtì onírin méjì tí ó jẹ́ ọmọ ọmọ ti Harrison. Àmì onítóótó kan, méjì àti mẹ́ta tí ó wà lára rẹ̀ dúró fún nǹkan bí 110, 150 àti 200. Bí ó bá bàjẹ́, kò sí alágbàfọ̀ ní Ṣómólú tí yóò gbà kí wọ́n dáírẹ́ẹ̀tì rẹ̀, nítorí pé aṣọ oníbàárà àkọ́kọ́ ni yóò jóná, ìjà á sì bẹ́ sílẹ̀ kí aago méjìlá tó lù. Ẹ̀rọ tí àwọn atẹ̀wé fi ń fi ọ̀rá bo ẹ̀yìn ìwé ńkọ́? Ọ̀pá gbígbóná méjì ni ìwé àti ọ̀rá ń gba àárín wọn kọjá. Bí ọ̀pá bá gbóná jù, ọ̀rá á súnkì, ìwé á ká. Bí kò bá gbóná tó, ọ̀rá kò ní í mú, funfun wínniwínni á wà lábẹ́ rẹ̀, pàápàá lórí àwòrán dúdú. Atẹ̀wé tí ó ń ṣe ìwé ìṣẹ̀yẹ òkú tí wọ́n máa gbà ní ọjọ́ Ẹtì yóò pààrọ̀ tẹ́mósítáàtì ẹ̀rọ yìí lọ́jọ́ kan náà tí ó bá bàjẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ gbèsè ni yóò fi rà á. Ní ti ilé ìwòsàn, kò tilẹ̀ sí àríyànjiyàn níbẹ̀: ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n tọ́jú fún aláìsàn gbọ́dọ̀ wà láàárín 2 sí 6, ọ̀pọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára láàárín 2 sí 8, àwọn àjẹsára kan sì wà, bí irú ti àrùn ẹ̀dọ̀ oríṣi B, tí dídì máa ń bà jẹ́ ju gbígbóná díẹ̀ lọ. Fíríìjì tí wọ́n bá dáírẹ́ẹ̀tì á sọ irú wọn di omi lásán, kò sì ní í hàn lójú ìgò.

Nítorí náà, kì í ṣe pé àwọn ará Igbóbì kò mọ iyì tẹ́mósítáàtì. Ibi tí ìyà àìsí rẹ̀ bá ti ń dé lójú ẹsẹ̀, tí ó sì ń já lé ẹni tí ó ni ẹ̀rọ lórí, wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀. Ibi tí ìyà náà bá ti ń pẹ́ kó tó dé, tí ó ń gba inú owó iná tàbí owó epo wọlé díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń yọ ọ́. Àwọn tó wà ní ìlú òyìnbó kò yàtọ̀. Yorùbá tí ó ń gbé ní Peckham ní Lọ́ńdọ́nù ní tẹ́mósítáàtì lára ògiri, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì dámọ̀ràn ìwọ̀n 18 gẹ́gẹ́ bí èyí tí ilé kò yẹ kí ó tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà òtútù. Ṣùgbọ́n nígbà tí owó gáàsì àti iná lọ sókè, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì ní láti fi ìrànwọ́ dá a dúró láti oṣù Kẹwàá ọdún 2022, kí ilé kan tó wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì má baà san ju 2,500 pọ́n-ùn lọ́dún, ọ̀pọ̀ baálé ilé ni kò fi ọ̀rọ̀ náà lé tẹ́mósítáàtì lọ́wọ́ mọ́. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ń pa á, wọ́n sì ń wọ súwẹ́tà méjì jókòó. Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ gbà lọ́wọ́ ènìyàn ti padà sọ́wọ́ ènìyàn, kìkì pé òtútù ni ti ibẹ̀.

Ohun tí ó wá yí padà ní Igbóbì àti gbogbo Nàìjíríà ni ti ọjọ́ kẹta oṣù Kẹrin ọdún 2024, nígbà tí àjọ tí ó ń ṣàkóso iná mànàmáná kéde pé àwọn oníbàárà tí wọ́n wà ní Báńdì A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná fún wákàtí 20 ó kéré tán lójúmọ́, yóò máa san 225 náírà lórí yúníìtì kan, dípò nǹkan bí 68 tí wọ́n ń san tẹ́lẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún kan náà, ó dúró sí 209.50. Yúníìtì kan ni iná tí ẹ̀rọ márùn-ún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń jẹ 200 wáàtì, ìyẹn 1,000 wáàtì lápapọ̀, ń jẹ ní wákàtí kan. Bí ènìyàn bá mú fírísà tí ó ń jẹ 150 wáàtì, tí wọ́n ti dáírẹ́ẹ̀tì, ní àyè iná wákàtí mẹ́rin lábẹ́ owó àtijọ́, 0.6 yúníìtì ni yóò jẹ lójúmọ́, owó rẹ̀ kò sì ní í pé 41 náírà. Fírísà kan náà, láìyí wáyà kankan padà, ní àyè iná wákàtí 20 lábẹ́ owó tuntun 209.50, yóò jẹ yúníìtì 3, owó rẹ̀ yóò sì kọjá 628 náírà lójúmọ́. Bí tẹ́mósítáàtì bá wà níbẹ̀, tí ó ń jẹ́ kí kọ́ńpírẹ́sọ̀ sinmi fún ìdajì àkókò náà, 314 péré ni. Ohun tí ó wà láàárín méjèèjì súnmọ́ 9,400 náírà lóṣù, ní ṣọ́ọ̀bù tí èrè orí báàgì omi kan kò ju ohun kékeré lọ. NẸ́PÀ tí ó ń ṣe iṣẹ́ tẹ́mósítáàtì lọ́fẹ̀ẹ́ ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kò sì kéde pé òun ń lọ.

Kì í ṣe gbogbo òpópónà ni ó wà ní Báńdì A, ohun tí ó sì mú kí ọ̀rọ̀ náà díjú nìyẹn, nítorí pé ilé méjì tí ògiri kan ṣoṣo là láàárín lè gba iná láti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ amúnáwá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ọ̀kan máa rí iná wákàtí 20, kí èkejì máa rí mẹ́rin tàbí mẹ́jọ. Dáírẹ́ẹ̀tì tí ó jẹ́ ọgbọ́n nínú ilé kan jẹ́ òfò nínú èkejì. Oníṣẹ́ kan náà ni ó sì ń lọ sí méjèèjì.

Àtipààrọ̀ rẹ̀ kò ṣòro, ohun tí ó ń bà á jẹ́ ni ìwàǹwára. Tẹ́mósítáàtì fíríìjì àti ti fírísà kì í ṣe ọ̀kan náà, bí wọ́n tilẹ̀ jọ ara wọn bí ìbejì. Ti fíríìjì máa ń dá iná dúró nígbà tí ibi tí páìpù rẹ̀ kàn kò tíì tutù tó bí ẹja ṣe ń fẹ́ ẹ, ẹni tí ó bá sì fi í sínú fírísà ẹja tí ó yẹ kí ó wà ní ìwọ̀n 18 sí ìsàlẹ̀ òdo yóò máa ṣe kàyéfì ìdí tí ẹja fi ń rọ̀. Ó yẹ kí oníṣẹ́ mú ti àtijọ́ dání lọ sí ọjà, kí ó fi nọ́ńbà ara rẹ̀ wé ti tuntun, kí ó sì wo gígùn páìpù kọ́pà. Páìpù yìí kò gbọdọ̀ ṣẹ́ po níbikíbi, nítorí pé ibi tí ó bá ṣẹ́ po sí, gáàsì kò ní í lè kọjá mọ́. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ ki orí rẹ̀ bọ inú ihò tí ti àtijọ́ wà, kí ó fara kan irin tútù, nítorí tẹ́mósítáàtì tí páìpù rẹ̀ bá wà nínú afẹ́fẹ́ lásán ń wọn ohun tí kò kàn án. Lẹ́yìn èyí, kí ó tó tún ki púlọ́ọ̀gì padà, ó yẹ kí ó dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ipá gáàsì inú kọ́ńpírẹ́sọ̀ lè rọlẹ̀. Ọ̀pọ̀ kọ́ńpírẹ́sọ̀ tí wọ́n ní tẹ́mósítáàtì ni ó pa á, àìnísùúrù ìṣẹ́jú márùn-ún yìí ni ó pa wọ́n.

Àwọn oníṣẹ́ kan máa ń ní ọ̀nà mìíràn lọ́kàn, ìyẹn ni pé kí wọ́n so tẹ́mósítáàtì tuntun mọ́ ọn ṣùgbọ́n kí wọ́n fi wáyà dáírẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú súwíìṣì kékeré kan, kí oníbàárà lè máa yí i bí ó bá ṣe rí iná sí. Ó jọ ọgbọ́n, ṣùgbọ́n ó tún dá ẹrù náà padà sórí ọmọ tí ó ń fi ojú oorun wá ògiri lóru. Ohun tí ó sàn jù ni kí oníṣẹ́, kí ó tó tú ìdè kan, kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ oníbàárà pé wákàtí mélòó ni iná ń wà ládùúgbò wọn, kí ó wo mítà rẹ̀ láti mọ iye tí ó ń san lórí yúníìtì kan, kí ó sì fún un ní iye owó tẹ́mósítáàtì àti iye owó dáírẹ́ẹ̀tì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ìyá tí ó ni fírísà fúnra rẹ̀ ṣírò èyí tí yóò gbà.